Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Pípààrọ̀ aṣọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra ẹni nílé

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. N kò kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀. Ohun tó sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá bi léèrè ni pé mo pààrọ̀ aṣọ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bàjẹ́. Mo tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dúró. Àwọn ará àdúgbò tó rí i bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí nìyí, àti èsì tí mo máa ń fún wọn.

Kí ló máa ń mú kí aṣọ ilẹ̀kùn ṣí kúrò?

Aṣọ kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Tí ẹ bá ya aṣọ àtijọ́ náà sílẹ̀, ẹ ó rí tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, tí nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 3 sí 5 lọ. Ooru inú ọkọ̀ àti ọjọ́ pípẹ́ ló ń ba tìmùtìmù yìí jẹ́, títí tí yóò fi di èérún aláwọ̀ ọsàn tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù ṣì wà lára tìmùtìmù, tìmùtìmù fúnra rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú: kí wá ni aṣọ fẹ́ dì mú?

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ dókítà fín gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn aṣọ kì í fi í rí èrè rẹ̀. Ó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà á tún kún bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yìn aṣọ ni iṣẹ́ wà.

Omi náà ń ṣe tirẹ̀. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè ṣe é lóòótọ́, àbí kí n kúkú gbé e fún oníṣẹ́?

Bí ẹ bá lè bo ìwé ọmọ yín dáadáa láìjẹ́ kí etí rẹ̀ ká, ẹ lè ṣe é. Ilẹ̀kùn rọrùn ju òkè inú ọkọ̀ lọ, torí pé orí tábìlì lẹ ó ti ṣe é, ẹ kò ní na ọrùn sókè. Ó sì rọrùn ju ìjókòó lọ, nítorí kì í sábà ní ìránṣọ nínú. Tí pánẹ́ẹ̀lì yín, ìyẹn páálí tàbí ike inú ilẹ̀kùn tí aṣọ wà lára rẹ̀, bá ní ìlà ìránṣọ gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ sára ike, ẹ gbé apá yẹn lọ fún ẹni tó ní máṣíìnì tó lágbára. Máṣíìnì tí ìyàwó mi fi ń rán bùbá ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́ta lórí lẹ́dà kan ṣoṣo, a ò sì fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀ nílé wa.

Ọjọ́ mélòó ló máa gbà?

Ìparí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ bá ń ṣe ilẹ̀kùn méjì méjì. Ẹ má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára kí ẹ ní ilẹ̀kùn kan tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn tí ẹ ó máa wò bí ohun tí ẹ tú bá dàrú mọ́ yín lójú.

Báwo ni mo ṣe máa yọ pánẹ́ẹ̀lì náà láìfọ́ ọ?

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi sukudiráífà kàn án. Ẹ wá gíláàsì sókè tán, kí ẹ tó yọ orí bátìrì.

Lẹ́yìn náà ni ọdẹ sùkúrù. Ibi tí wọ́n ń fi wọ́n pamọ́ sí kò pọ̀: inú ihò tí a ń fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn dé, abẹ́ ibi ìgbọ́wọ́lé, ẹ̀yìn háńdù tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn, àti ẹ̀bá ike onígun mẹ́ta tó wà níwájú gíláàsì, ní ọ̀kánkán dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìdérí ike kékeré tí ẹ kò ní rí àfi tí ẹ bá fi ìka wá a. Tí apá kan bá kọ̀ tí kò kúrò, ẹ má fi agbára mú un. Sùkúrù kan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì rí.

Nígbà tí sùkúrù bá tán, ó ku kílíìpù, àwọn ìdì ike kéékèèké tó wọ inú ihò irin yí etí pánẹ́ẹ̀lì ká. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé pákó pẹlẹbẹ kan (ìpọnkọ inú ilé ìdáná ni mo lò, mo sì ra òmíràn dípò rẹ̀), ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù gan-an, kì í ṣe àárín kílíìpù méjì, kí ẹ sì fi í gbé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ "pọ́", ẹ sún sí èkejì.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọ́ ọ ni òpin rẹ̀: tí gbogbo kílíìpù bá ti kúrò, wọ́n á fa pánẹ́ẹ̀lì sọ́dọ̀ ara wọn. Òkè ni kí ẹ gbé e sí. Etí òkè rẹ̀ fi kọ́ ẹnu irin níbi tí gíláàsì ti ń jáde. Ẹ sì rọra, torí wáyà bọ́tìnì gíláàsì àti okùn irin háńdù ṣì so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Sóókẹ́ẹ̀tì wáyà ní ahọ́n kékeré kan tí a ń tẹ̀ kó tó jáde. Ẹ di sóókẹ́ẹ̀tì náà mú, ẹ má fa wáyà.

Ọkọ̀ mi jẹ́ oní-háńdù, èyí tí a ń fi ọwọ́ wá gíláàsì. Mi ò rí sùkúrù kankan lára rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Nissan àtijọ́, okùn irin kékeré kan tó tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹṣin ló dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹ mú èérún aṣọ tó gùn, ẹ tì í sáàárín háńdù àti pánẹ́ẹ̀lì, ẹ di etí méjèèjì mú, kí ẹ sì máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń dán bàtà. Aṣọ á kọ́ irin náà jáde. Kí ẹnì kan gbé ọwọ́ lé e, nítorí ó máa ń fò, ilẹ̀ tí kò ní kọnkéré á sì gbé e mì. Nínú ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle), ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe dè é, kì í lo irin ẹlẹ́sẹ̀ ẹṣin yìí, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ jà.

Kílíìpù mẹ́ta ti ṣẹ́. Ṣé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn?

Rárá. Bí ike bá ti pẹ́ nínú oòrùn, á gan, á sì ṣẹ́. Ẹ mú ọ̀kan tó ṣì pé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí wọ́n fi wọn ìtóbi orí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Ẹ ra mẹ́wàá ju iye tí ẹ nílò lọ. Ẹ má fi ìṣó tàbí sùkúrù gígùn gba ojú pánẹ́ẹ̀lì kọjá dípò rẹ̀. Mo ti rí ilẹ̀kùn tí sùkúrù irú èyí kan gíláàsì nínú: ọjọ́ tí onímọ́tò náà wá gíláàsì sílẹ̀ ló fọ́.

Ṣé ewu kankan wà nínú ọ̀rọ̀ airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde láti dáàbò bo ènìyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan?

Ó wà, ẹ má fi ṣeré. Tí ẹ bá rí lẹ́tà SRS tàbí AIRBAG lára pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn gan-an, ẹ fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni àpò náà yóò ti bú jáde, aṣọ tí ẹ fi bò ó sì lè dí i lọ́nà. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni lẹ́tà náà wà, ẹ lè ṣe ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù kí ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ má tan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nígbà tí sóókẹ́ẹ̀tì bá wà níta, kí iná ìkìlọ̀ má bàa tàn kó sì kọ̀ láti kú.

Náílọ̀nù kan wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ṣé mo lè ya á dànù?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí èyí ni mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì.

Òjò tó ń rọ̀ sára gíláàsì kì í tán síta. Lára rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọnú ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ṣe é: omi á sàn sísàlẹ̀ nínú irin, á sì gba ihò tóóró tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn jáde. Náílọ̀nù yẹn ni ògiri tó wà láàárín omi náà àti pánẹ́ẹ̀lì yín. Nínú àwọn tòkunbọ̀ tí mo ti tú, ó ṣọ̀wọ́n kí n bá a ní pípé. Ẹni tó kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ gíláàsì ṣe á ti fa á ya, á sì ti sọ ọ́ nù, nítorí kò sẹ́ni tó máa rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo òjò láti oṣù kẹta títí dé oṣù kọkànlá yóò máa rin ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Páálí á wú, á rọ̀, kílíìpù á ya kúrò lára rẹ̀, aṣọ á hu funfun. Àwa á wá máa bú gọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú nípa àwọ̀ aṣọ, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ẹ mú ẹyọ ọwọ̀ kan, ẹ fi gún àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Eruku àwọn ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà máa ń dí wọn pa pẹ̀lú ewé gbígbẹ. Láti inú ilẹ̀kùn kan ni mo ti ko ìkúnwọ́ ẹrẹ̀ jáde. Ẹ ra náílọ̀nù nínípọn, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù tàbí téèpù dúdú tó rọ̀ bí ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ yíká lára irin. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú ilẹ̀kùn, kó má ṣe kọ́ síta, torí ibi tí etí yẹn bá kọjú sí ni omi máa gbà.

Kí ẹ tó dá pánẹ́ẹ̀lì padà, ẹ bu omi ife mẹ́ta sí ojú gíláàsì láti ìta, kí ẹ sì wo ojú náílọ̀nù láti inú. Tí ó bá gbẹ tí omi sì ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti ṣe.

Páálí pánẹ́ẹ̀lì mi ti wú, ó sì ti rọ̀. Ṣé mo lè lẹ aṣọ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀?

Ẹ má ṣe é. Ẹ tẹ́ ẹ sórí háádìbọ́ọ̀dù mìlímítà 3, ẹ fi bírò fa ìlà yí i ká, ẹ sàmì sí gbogbo ihò, kí káfíńtà sì gé e. Àwọn tó ń fi ayùn ṣiṣẹ́ lè parí méjì kí ẹ tó mu omi tán. Ẹ fi fáníìṣì kun ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa mu omi. Ti ike ò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n ike tó bá la, ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ onígo méjì dì í láti ẹ̀yìn.

Irú aṣọ wo ni kí n rà?

Aṣọ tó ti ní tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe òkè inú ọkọ̀, ló rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Ó ń nà, kì í sì í fi àléébù pánẹ́ẹ̀lì hàn. Àrán dára lójú, àmọ́ ẹ ṣọ́ irun rẹ̀: ẹ fi ọwọ́ pa á, kí gbogbo ilẹ̀kùn sì kọ irun sí ìsàlẹ̀. Mo gbé ọ̀kan kọ orí sódì, tí oòrùn bá ti ràn sí i, ó dà bíi pé ọkọ̀ méjì ni mo so pọ̀. Lẹ́dà, mo ń sọ ti oníke kì í ṣe awọ ẹran, kì í bẹ̀rù omi, a sì lè fi aṣọ tútù nù ún. Òun ni mo máa mú fún ọkọ̀ tí ọmọdé ń wọ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kì í béèrè Áńkárá lọ́wọ́ mi, pàápàá tí aṣọ ẹbí bá ṣẹ́kù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í nà, gọ́ọ̀mù máa ń yọ lójú rẹ̀, oòrùn sì máa ń gba àwọ̀ rẹ̀. Tí ọkàn yín bá wà níbẹ̀, ẹ fi í sí àárín pánẹ́ẹ̀lì nìkan, níbi tó tẹ́jú, kí ẹ kọ́kọ́ lẹ tìmùtìmù sábẹ́ rẹ̀. Àdìrẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó máa wà lára ènìyàn. Bí aró rẹ̀ bá ṣì ń yọ, ìgbọ̀nwọ́ yín ló máa sọ fún yín. Aṣọ òkè ni mo rò pé ó yẹ kó burú, kò sì burú: ó nípọn, ó le, bí wọ́n ṣe ń hun ún ní tóóró tóóró sì bá àárín ilẹ̀kùn mu. Àbúrò mi fi sányán ṣe tirẹ̀, mo ń jowú rẹ̀.

Yáàdì mélòó?

Ẹ wọn pánẹ́ẹ̀lì yín, ẹ fi ìǹṣì 2 kún un ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ká ní tiyín gùn ní ìǹṣì 38, ó ga ní ìǹṣì 22: pẹ̀lú àfikún, ó di 42 sí 26. Aṣọ ọkọ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó ìǹṣì 54, nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì méjì lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìǹṣì 84 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní yáàdì méjì. Ẹ ra mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé aṣọ náà ní irun tàbí àwòrán tó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀nà kan, ẹ tún un wọn kí ẹ tó sanwó.

Ní Ifẹ̀ níbí, ẹ lè rí díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n á gé fún yín. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn lè yà ní ọjà aṣọ Gbági. Iye owó rẹ̀ ń yí padà ju kí n kọ ọ́ síbí lọ.

Gọ́ọ̀mù wo?

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lo gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà. Ó mú dáadáa ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ní Láàgéré láti aago mọ́kànlá, nígbà tí mo fi padà dé ní aago méjì, aṣọ ilẹ̀kùn iwájú ti tẹ orí ba sórí ìjókòó bí ẹni ń kí ọba. Tí oòrùn bá pa ọkọ̀ tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, ooru inú rẹ̀ lè kọjá 50°C. Gọ́ọ̀mù tí kò bá lè fara da ìyẹn kì í ṣe ti inú ọkọ̀.

Èyí tí ẹ ń wá ni gọ́ọ̀mù tí a ń pa sí ojú méjèèjì, tí a ń jẹ́ kó gbẹ kí a tó pa wọ́n pọ̀. Irú ti àwọn aránbàtà ni, ṣùgbọ́n ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi ń ṣe òkè inú ọkọ̀, tí ó ń gba ooru. Fún lẹ́dà pàápàá, ti aránbàtà lásán kì í pẹ́: òróró kan wà nínú ike lẹ́dà tó máa ń rọra jáde tí yóò sì mú kí gọ́ọ̀mù náà rọ̀. Tí ẹ kò bá gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́, ẹ lẹ èérún aṣọ mọ́ èérún ike, ẹ jù ú sórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún ọjọ́ méjì nínú oòrùn, kí ẹ wá fà á.

Kí ẹ tó pa gọ́ọ̀mù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo èérún tìmùtìmù àtijọ́ dànù, ẹ fi sánpépà pa ojú ike díẹ̀, ẹ fi sípírítì nù ún. Bẹtiróòlù? Rárá. Ó ń fi òróró sílẹ̀, ó sì lè jó ilé. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí jẹnẹrétọ̀, ààrò àti sìgá jìnnà. Òórùn gọ́ọ̀mù yìí máa ń mú kí òòyì kọ́ni, iná sì ń gbà á.

Ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Páálí máa ń mu ti àkọ́kọ́, ẹ tún pa ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án, tí kò bá fà mọ́ yín, àsìkò ti tó. Àwọn tí kì í dúró ni aṣọ wọn máa ń ru bọ́ńbọ́ǹbọ́.

Ṣé ìgbà tí a ń ṣe é ṣe pàtàkì?

Púpọ̀. Bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ ló ń tutù, tí afẹ́fẹ́ bá sì kún fún ọ̀rinrin, omi á dì sí ojú rẹ̀, á funfun, kò sì ní mú. Lákòókò òjò, ẹ lo àárín aago mẹ́wàá sí méjì ní ọjọ́ tí oòrùn yọ. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ dára. Ọyẹ́ dára jù fún gbígbẹ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tútù bí iyọ̀ lára ẹ̀pà. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ wọ inú gáréèjì, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Báwo ni mo ṣe máa tẹ́ aṣọ náà?

Láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe láti etí kan dé èkejì. Ẹ ká aṣọ sí méjì, ẹ lẹ ìdajì, ẹ wá sọ ìdajì kejì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa bá yín gbé e sókè kó má bàa dì mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ibi tó jin sínú ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Ẹ má na aṣọ kọjá lórí rẹ̀ bí awọ ìlù, torí ooru á fà á sókè lọ́la. Ibi tó jìn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tó wá sí bèbè. Tó bá jẹ́ lẹ́dà, ẹ fi díráyà irun gbóná sí i kó rọ̀. Etí wá kù: ní igun tó yọ síta, ẹ gé aṣọ àpọ̀jù ní onígun mẹ́ta mẹ́ta kó má ṣe dì pọ̀, ní ibi tó tẹ̀ wọnú, ẹ kàn là á ní ìlà tààrà, kó lè ṣí. Ẹ má jẹ́ kí abẹ dé ojú pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ fi gọ́ọ̀mù mú un. Ti háádìbọ́ọ̀dù lè gba pín-ín-nì tí a fi ẹ̀rọ bí ìbọn yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní yọ sí ojú pánẹ́ẹ̀lì.

Ihò háńdù àti sùkúrù, ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ là wọ́n, àgbélébùú kékeré láti ẹ̀yìn.

Àárín pánẹ́ẹ̀lì mi kò ní sùkúrù, ike yíyọ́ ló dì í mú.

Ẹ gé orí àwọn ike yíyọ́ náà pẹ̀lú abẹ mímú, kí ó yọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bò ó, ẹ fi sùkúrù kúkúrú àti wáṣà dá a padà láti ẹ̀yìn.

Mo ti tò ó padà. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn! Pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹ fi sukudiráífà ti ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bíi pé ó ti tì, kí ẹ wá fa háńdù inú, kí ẹ tún ti ahọ́n náà wọlé, kí ẹ sì fa ti ìta. Tí méjèèjì bá ṣí i, ó yá. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti so okùn háńdù inú, ti ìta náà sì ti wọ́, mo bá gbá ilẹ̀kùn dé. Ó gba ìrọ̀lẹ́ kan gbáko kí a tó ṣí i.

Gbogbo rẹ̀ ti pé, ó ti dúró, àmọ́ sùkúrù méjì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ wo inú ihò tí a ń fi fa ilẹ̀kùn dé, lábẹ́ aṣọ tuntun tí ẹ kò tíì là. Ibẹ̀ ni ti èmi náà wà.